Bí Èmi Ọdẹ́rìnlọ Ṣe Ṣe Ìyàwó ní Ìlú Ara

Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ wá gbé ìyàwó, ẹ má bínú, ẹ jókòó. Mo rí i pé ẹ ti ń wo ojú ọ̀run, ẹ sì ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín. Oòrùn ṣì wà lókè, a kì í sì í mú ìyàwó lọ sílé ọkọ lójú oòrùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìbíwùmí wà nínú yàrá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, láti àárọ̀ ló ti ń sun ẹkún ìyàwó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a gbè é. Ẹ jẹ́ kó sun ún tán. Ẹ bu omi mu, ẹ jẹ obì, kí ẹ sì fetí sí mi, nítorí n kò ní í yọ̀ǹda ọmọ mi fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìtàn yìí.

Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ọdẹ́yínká. Ẹ bi igbó léèrè mi. Ẹfọ̀n tó bá gbúròó mi létí odò kì í dúró mu omi tán. Mo ti bá iwin jìjàkadì rí, mo dá a, mo sì bá a gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Ìwọ ìyá tó ró aṣọ aró yẹn, ṣé èmi lò ń rín? Rín in dáadáa. Nínú gbogbo ìrìn tí mo rìn nígbó, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lọ tí n kò mú ẹran bọ̀, òun gan-an ni mo sì fi ń yangàn jù. Ní ìrìn náà, èmi tí ẹ ń wò yìí, tèmi tirùngbọ̀n mi, mo da aṣọ borí, mo kúnlẹ̀, mo ṣe ìyàwó.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ Àwẹ̀ró, ìyá ọmọ yìí, kò sí obìnrin tó níwà tó o nínú agboolé wa. Ṣùgbọ́n bí oyún bá dúró sí i lára, bí a bá ti ń rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀, ńṣe ni yóò wálẹ̀. Oyún mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀. A bọ Ògún, a bọ orí rẹ̀, a bọ orí tèmi náà, a bẹ àwọn baba wa tó wà lọ́run. Kò síbi tí a kò kúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀kẹrin dé, ẹ̀gbọ́n mi Láwuyì, tó jẹ́ olórí agboolé wa nígbà náà, pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun kò ní ohun búburú kankan láti sọ sí Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti jókòó sọ ọ́, ẹnu wọn sì kò. Bí oyún yìí bá tún wálẹ̀, kí ó máa lọ sílé baba rẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún mi.

Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ìwọ nìkan kọ́ lo fẹ́ ẹ. Ilé ló fẹ́ ẹ. Ilé ló sì ń retí."

Mi ò lè bá a jiyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa rí. Mo wọlé bá Àwẹ̀ró. Ó ti gbọ́. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun ti ń di ẹrù òun díẹ̀díẹ̀, kó má baà di pé òun ń wá ìró kiri lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí òun máa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Mo tú ẹrù náà palẹ̀ lójú rẹ̀, mo fi irin búra pé kò ní í jáde nílé mi.

Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, agbẹ̀bí tó ti gba ọmọ tó pọ̀ ju irun orí mi lọ, ni mo lọ bá. Mo ní kó sọ fún mi ìdí tí ọmọ mi kò fi fẹ́ dúró. Obìnrin náà wò mí, ó ní, "Ọmọ kọ́ ni kò fẹ́ dúró. Wọ́n ń lé e ni." Mo bi í pé ta ló ń lé e. Ó ní ìlú ni ara èèyàn, pé ìlú náà ní odi, ó sì ní ẹ̀ṣọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí àìsàn pa wá run lójoojúmọ́ ayé. Gbogbo ará ìlú wọn ni wọ́n mọ̀ lójú. Ọmọ inú wá rèé, ìdajì rẹ̀ jọ ìyá, ìdajì kejì jọ baba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìyàwó mi mọ ìdajì kan, wọn kò mọ ìdajì tó jọ mí. Àjèjì ni wọ́n pè é, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Ó ní igbó kan wà tó ń jẹ́ Igbó Èéfín, pé ara gbogbo ẹni tó wà láàyè ló ní ìlú níbẹ̀, bí onílùú bá ṣì ń mí, èéfín á máa rú níbẹ̀. Ó ní kí n lọ wá ti Àwẹ̀ró, kí n bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo wá gbé ìbọn, mo gbé àdá, mo wọ ẹ̀wù gbérí tí mo fi ń pa erin. Ẹ rí i pé n kò gbọ́ràn tán.

N kò ní í dá yín dúró pẹ̀lú bí mo ṣe la igbó já. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú tí mo kọ́kọ́ já sí ni wọ́n ń pè ní Tàwa-Nìkan. Odi rẹ̀ ga, ilẹ̀kùn kan péré ló ní, ilẹ̀kùn náà sì ni òrìṣà wọn. Wọ́n fi epo àti osùn kùn ún, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bọ ọ́ pé kó má ṣe ṣí láéláé. Nígbà tí wọ́n rí ìbọn lọ́wọ́ mi, àwòrò ilẹ̀kùn náà ní kí wọ́n fi agbọ̀n fà mí gorí odi wọlé, nítorí pé wọ́n nílò ọdẹ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn.

Mo bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Imú kan náà, eyín iwájú kan náà tó yọ, àpá ìbí kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè. Ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, ọmọ ọwọ́. Mo kí tọkọtaya kan, mo ní n kò mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n, wọ́n sì fi ìgbéraga dá mi lóhùn pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò làwọn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kò fi ọmọ fún ará ìta, wọn kò sì gba ọmọ ará ìta sílé. Àwòrò ní ẹ̀jẹ̀ àwọn mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ wọ́n mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kú. Iwin kan tí kò ju èkùrọ́ lọ ló wọ àárín wọn, Ikọ́ ni orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kí n pa á fún àwọn. Mo yìnbọn sí i, ọta gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mo ṣá a, àdá kò rí i. Ó fò gun orí ilẹ̀kùn òrìṣà, ó jókòó síbẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ ṣeré. Ó ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní, "Ọdẹ, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni mo ní láyé mi. Bí mo bá dé ìlú tìẹ, mo lè ṣí ilé kan, kí n dé ìkejì kí kọ́kọ́rọ́ mi má wọ̀ ọ́, nítorí pé ìyá onílé ti ibòmíràn gbé àgádágodo tirẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n níbí, bí mo ti ṣí ọ̀kan, mo ti ṣí gbogbo wọn."

Mo yíjú sí àwòrò. Mo ní ṣé ó gbọ́? Mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n lọ fẹ́ ìyàwó ní ìlú mìíràn, kí àwọn ọmọ wọn lè ní àgádágodo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbé àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ẹ̀wọ̀n ara ilẹ̀kùn náà fún wọn. Ńṣe ni wọ́n sáré wá, tọmọdé tàgbà, tí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń húkọ́ sí mi lójú. Wọ́n ní kàkà kí àjèjì wọlé, kí àwọn kúkú parun sínú ilé baba àwọn. Mo ro ọ̀rọ̀ Láwuyì. Mo ro Àwẹ̀ró. Mo gun orí odi padà, mo bẹ́ sí ìta. Mo sì sọ fún ara mi pé ìlú ìyàwó mi kò ní í fi irú agídí yìí pa ọmọ mi, bó ti wù kó rí.

Nígbà tí mo dé Igbó Èéfín, ìlú pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, èéfín ń rú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbóòórùn wọn títí mo fi gbọ́ òórùn igi ayín tí Àwẹ̀ró máa ń fi dáná. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Odi ìlú náà ń dán, ó gbóná mọ́wọ́, kò sí sísán lára rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Mo yí i ká títí mo fi rí ibì kan tó là tín-ín-rín, tó dà bíi pé ọ̀bẹ ilá ló gé e, mo gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ń gbọ́ ohun tí mo sọ? Ibi tí àìsàn ń gbà wọlé ni èmi náà gbà.

Ẹ̀ṣọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé sanra, kò léegun, ibi tó bá wù ú ni ó ti ń yọ ọwọ́. Ohunkóhun tó bá gba ojú ihò yẹn wọlé, á gbé e mì ná kó tó béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ó ní orúkọ. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n mi bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò ní í pè é, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ìdẹ̀ra ni mo ń pè é. Ìdẹ̀ra la apá sí mi. Kí ni ọdẹ ń ṣe bí ẹranko bá dojú kọ ọ́? Ọfọ̀ ni. Ọdẹ á pe orúkọ àbísọ ẹranko náà, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nínú ihò, orúnkún ẹranko á sì yẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, ó sì jẹ́ lára erin, ó jẹ́ lára ẹkùn. Mo dúró ṣinṣin, mo pe orúkọ Ìdẹ̀ra. Mo pe tìyá rẹ̀. Mo pe tàwọn ọ̀gbà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Yéè, ẹ̀yin ìyá mi. Gbogbo ìlú ló jí. Nílùú yẹn, ọ̀tá ní í pe ẹ̀ṣọ́ lórúkọ. Àwọn sáré-sáré kan ya etí ẹ̀wù gbérí mi, wọ́n gbé e sáré lọ fún àwọn àgbà, nígbà tí n kò sì tíì mí délẹ̀, àwọn mìíràn ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá tó ní ìwọ̀ lórí. Wọ́n wo etí aṣọ mi gbẹ́ ìwọ̀ náà ni, tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló lè há láyé. Wọ́n há mi níbi gbogbo. Mo jà, mo yìnbọn, mo ṣá ẹni tí mo lè ṣá. Bí mo ti ń jà ni wọ́n ń koná mọ́ná jákèjádò ìlú, tí odi ń gbóná, tí ilẹ̀ ń gbóná, mo sì wá gbọ́ ohùn kan láti inú ògiri, ohùn obìnrin tó ń kérora. Ohùn Àwẹ̀ró ni. Ibà ló dá a sílẹ̀ nílé. Èmi tí mo wá gbà á là, èmi ni mò ń ṣe é.

Mo ju ìbọn sílẹ̀. Wọ́n gbé mi sọ sẹ́yìn odi.

Ẹlòmíràn ì bá gba ilé lọ. Èmi ò lọ, mo ti fi irin búra. Mo bọ́ ẹ̀wù gbérí, mo fi ẹrẹ̀ kun ara, mo yọ́ wọlé padà wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò tíì balẹ̀ dáadáa tí baba arúgbó kan tó jókòó sábẹ́ igi fi na ìka sí mi. Èyí náà, n kò ní í pe orúkọ rẹ̀, Baba Aláṣọ ni mo ń pè é. Àkísà ni wọ́n so mọ́ ọn lára látòkè délẹ̀, àkísà aṣọ gbogbo ọ̀tá tó ti wọ ìlú náà rí. Ti ilẹ̀ẹ́gbóná wà níbẹ̀, ti àrùn inárun wà níbẹ̀. Àwọn kan lára wọn kò tilẹ̀ jagun níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gún fún ọmọ. Ọ̀tá tó ti rọ, tí kò lè jà mọ́, ni wọ́n ń mú wọlé níbẹ̀, kí irú Baba Aláṣọ lè wo aṣọ rẹ̀ dáadáa sílẹ̀ de ọjọ́ tí èyí tó lágbára bá dé. Àkísà tèmi ti wà láyà rẹ̀. Ó ní, "Òun nìyí." Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n tó dè mí.

Ó dùn mí, n kò ní í parọ́. Ìlú tó ń rántí ẹni báyìí, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá a làjà?

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Abẹ́-Àyà kó dájọ́ mi. Abẹ́ egungun àyà ìlú ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́. Mo rí ilé ẹ̀kọ́ tó le. Ìyá náà á mú ará ìlú kan jáde lẹ́yìn òmíràn, ará ẹ̀dọ̀, ará ọkàn, ará kíndìnrín, á ní kí àwọn ọmọ náà wò wọ́n. Èyí tó bá fa àdá yọ sí ará ilé, kò ní í jáde níbẹ̀ láàyè. Èyí tó bá kàn ń wò suu tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, òun náà kò jáde. Díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ló ń yege. Mo ní ìyà yẹn ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Ó dá mi lóhùn pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ní ìlú kan wà lápá ìsàlẹ̀ igbó yìí kan náà tí àwọn tí kò yege ti yọ́ jáde, àwọn afárá ìlú tara wọn ni wọ́n ń ṣá, onílùú náà kò sì lè na orúnkún rẹ̀ mọ́.

Ó wá bi mí ohun tí mo wá ṣe. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti oyún mẹ́ta, mo sọ ti ẹrù tí ìyàwó mi dì. Inú ìyá náà bà jẹ́, ó ní òun kò lè fi ojú ọmọ mi kọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìgbà tí òun ń kọ́ wọn, èmi kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù. Òun á pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo mọ ọ̀nà. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, kí Ìdẹ̀ra gbé mi mì, kí ìlú sinmi.

Ó ní, "Àjèjì wo ló wọlé, tí kò jọ onílé, tí kò jẹ́ orúkọ onílé, tó sì di ìyá onílé?"

Mo ronú kan gbogbo ohun tó wà nígbó. Mo ní àfòmọ́ ni. Ó ní àfòmọ́ ń pa igi. Mo ní odò tó ya wọ odò ni. Ó ní odò kì í bímọ. Ìdẹ̀ra ti ń sún mọ́ mi, mo ń gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń hó. Ọkàn mi kò sí lórí àlọ́ mọ́, ilé ló lọ. Mo ń rí Àwẹ̀ró bí mo ṣe máa ń rí i láràárọ̀, tó kúnlẹ̀ kí ọmọ Láwuyì tí kò tíì lè nu ikun imú ara rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi Adúmáadán." Ọmọ yẹn ní orúkọ, gbogbo wa là ń pè é. Àwẹ̀ró kò pè é rí. Nítorí pé wọ́n ti bí i sílé kí ó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Kò sí ọmọ kan nínú agboolé wa tí kò fún ní orúkọ tirẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ìdílẹ̀kẹ̀, Ajífọ̀ṣẹ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé eré ni.

Mo ní, "Ìyàwó ni."

Ìyá Abẹ́-Àyà ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Ó ní òun kò lè pàṣẹ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ilé Ọmọ, kí n lọ bá wọn fúnra mi, kí n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wò mí dáadáa. Mo gba ìró kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á borí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ilé Ọmọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tò sí ìhà méjèèjì ọ̀nà, wọ́n gbé ọ̀pá oníwọ̀ dání, gbogbo wọn ló sì mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni àkọ́kọ́. N kò dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Mo kí yín o, ọkọ mi Ìdẹ̀ra." Ó yanu, kò gbé mi mì. Mo fi orúnkún wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, mo wò ó, eyín rẹ̀ funfun, mo ní, "Ọkọ mi Eyínmẹ́nugún." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ òkúta, awọ orúnkún mi bó. Ẹ̀ṣọ́ kékeré kan, tí kò ga ju ìbàdí mi lọ, gbá mi létí, ó ní ṣebí mo mọ orúkọ òun tẹ́lẹ̀, kí n pè é báyìí kí gbogbo ìlú gbọ́. Mo mọ orúkọ náà. Gbogbo ara mi fẹ́ pè é. Bí mo bá pè é, ó máa ṣubú, mo sì tún di ọ̀tá. Mo gbé e mì bí ẹni gbé egbò igi kíkorò mì, mo ní, "Ọkọ mi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ má bínú." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin obìnrin mọ èyí láti ìgbà ọmọdé, ó ku dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n gbé mi mì kí n tó kọ́ ọ.

Baba Aláṣọ ló jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Ó fa àkísà mi já láyà rẹ̀, ó nà án sí mi lójú.

Ó ní, "Aṣọ rẹ rèé. Ọ̀tá ni ọ́. Èmi kì í gbàgbé."

Mo ní, "Ẹ má gbàgbé, Baba. Bí n bá tún wọlé pẹ̀lú ìbọn, ẹ pa mí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi tó ní ìdajì ojú tí ẹ ń wò yìí. Kò mú àdá. Kò mọ orúkọ yín, kò ní í pè é láé. Ìyàwó yín ni. Èmi ni mo wá bá a kúnlẹ̀, nítorí pé òun kò tíì ní orúnkún."

Mo fi orí kanlẹ̀, mo ń sunkún, èmi ọmọ Ọdẹ́yínká. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró omi. Ìdẹ̀ra ni. Ó ti bu omi sínú igbá, ó jókòó sílẹ̀ tẹ̀ẹ̀ níwájú mi, ó fa ẹsẹ̀ mi, ó wẹ̀ ẹ́, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, bí wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà kó tó tẹ ilẹ̀ ilé ọkọ. Baba Aláṣọ wo omi tó ń ṣàn lọ. Ó tún àkísà mi so mọ́ àyà rẹ̀, nítorí pé kì í gbàgbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dìde lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní kí ìyàwó wọlé. Gbogbo àwọn ẹ̀ṣọ́ náà wá yí Ilé Ọmọ ká. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n sì kọ ìwọ̀ ọ̀pá wọn sí ìta.

Nígbà tí mo délé, ibà ti sọ̀ lára Àwẹ̀ró, ó ń gún iyán. N kò ṣàlàyé, mo kàn kúnlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó sì rò pé igbó ti dà mí lórí rú. Oyún náà dúró. Ó dúró títí ó fi pé, títí ó fi ń gbá ìyá rẹ̀ nípàá láàárín ìsọ̀rọ̀. Ọwọ́ Ìyá Ṣẹ̀gilọlá ni ó bọ́ sí. Láwuyì, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló gbé e síta fún oòrùn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ tí ẹ wá gbé yẹn ni.

Láti àárọ̀ ló ti ń sun ún lẹ́kún pé ẹ̀rù ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti jọ òun ń ba òun. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un ju èyí tí mo ti sọ fún yín lọ. Nínú gbogbo wa tí a wà níhìn-ín, òun nìkan ló ti ṣe ìyàwó kó tó ní orúkọ. Ó ti wọ ilé àjèjì rí, wọ́n sì gbà á, ó gbé ibẹ̀, ó sanra níbẹ̀. N kò bẹ̀rù nítorí tirẹ̀. Nítorí tiyín ni mo ṣe pè yín jókòó. Ẹ jẹ́ kí omi ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín kó tó dé. Àgbà ilé ni kó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó má jẹ́ ọmọdé. Kí ẹni tó bá rí ojú mi lójú rẹ̀ má ṣe gbé ọ̀pá.

Lọ́jọ́ yẹn, mo bá a kúnlẹ̀. Mo fẹ́ bá a dé ilé yín lálẹ́ òní pẹ̀lú, kí n bá a fi orúnkún wọ́ lọ bá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ, àbúrò ọkọ, títí dórí ọmọ ọwọ́. Àwẹ̀ró ní ara mi kò dá, pé baba kì í bá ìyàwó lọ. Ó tọ̀nà. Ìbíwùmí ti ní orúnkún tirẹ̀ báyìí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Oòrùn ti wọ̀. Ẹ pè é jáde.